Kí Àgbẹ̀ Tó Gbọ́, Kóòtù Ti Tilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlọrin, ẹ̀yin àgbẹ̀ Afọ̀n àti Òkè-Oyì, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ òfin la bá wá. Ẹ má sọ pé ti àwọn lọ́yà ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà inú ìkòkò yín ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NBMA fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú ẹ̀wà tuntun kan sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Zaria ló ṣe é. Wọ́n mú èròjà kan lára kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, wọ́n fi sínú irúgbìn, kí kòkòrò tí ń lu èèpo ẹ̀wà má lè rí i jẹ mọ́. Wọ́n ní oògùn tí àgbẹ̀ ń fín lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ, yóò di ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó mọ iye tí oògùn jẹ́ lọ́jà. Àwa ò sọ pé májèlé ni ẹ̀wà náà. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ láìní ẹ̀rí, òpùrọ́ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí à ń bèèrè ni pé bí nǹkan bá wọ́, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ yín?

Òfin kan wà tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn, tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní ẹni tí ìjọba bá ṣẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló ní láti pe ẹjọ́. Òyìnbó tó kó irú òfin bẹ́ẹ̀ wá ti pa tiwọn rẹ́ nílé wọn ní 1954. Àwa ṣì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn títí dòní.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2016, ọjọ́ Sọ́ńdè tí ọ́fíìsì ìjọba ń sinmi, NBMA fún iléeṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà ní ìwé àṣẹ lórí òwú àti àgbàdo. Ẹgbẹ́ HOMEF, tí Nnimmo Bassey jẹ́ olórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, gbé e lọ sí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Ní oṣù kẹjọ 2017, kóòtù da ẹjọ́ náà nù. Ṣé wọ́n yẹ irúgbìn náà wò ni? Rárá o. Wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá.

Ó yá, ẹ bá wa ṣírò ti ẹ̀wà. Àṣẹ jáde ní oṣù kìíní 2019. Oṣù kẹrin, oṣù mẹ́ta ti pé. Oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ irúgbìn náà fún àgbẹ̀, ní Kano. Àgbẹ̀ wo ni ì bá pe ẹjọ́ lórí ẹ̀wà tí kò tíì fojú rí? Ti àgbàdo náà rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá 2021, ó di oṣù kìíní 2024 kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Lọ́yà tó já fáfá lè rí ihò gbà, àmọ́ ta ni yóò san owó lọ́yà? Bàbá tó ń roko ní Afọ̀n, àbí?

Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta 2013, Obama fọwọ́ sí òfin ìnáwó kan tí wọ́n ti há gbólóhùn kan mọ́ nínú: bí kóòtù bá tilẹ̀ fagi lé àṣẹ irúgbìn, kí ìjọba ṣì jẹ́ kí wọ́n máa gbìn ín. Aráàlú pariwo. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án parí, gbólóhùn náà kú, wọn ò sì jí i mọ́. Tiwa kò há sínú nǹkan kan, gbangba ló wà.

Òótọ́ ni pé ní oṣù karùn-ún 2024, ilé aṣojú-ṣòfin ní kí NBMA dáwọ́ àṣẹ tuntun dúró kí wọ́n fi ṣèwádìí. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òfin.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ni kí oṣù mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí irúgbìn bá wọ ọjà ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ lórí Rédíò Kwara ní Yorùbá, Núpé, Bàrùbá àti Fúlàní. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò yín láti lọ sí Abuja, àwa náà ńkọ́, ẹ bi í bóyá yóò dá a lábàá nínú ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dáhùn níṣojú gbogbo èèyàn, kí ẹ tó tẹ̀ka.