Ilé Kọnkéré tí A Kò Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ́ ti irú ilé kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bú ní ilẹ̀ Òyìnbó. Brutalism ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ìwà òǹrorò ni orúkọ náà ń sọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èdè Faransé ni a ti fà á yọ, láti ara béton brut, èyí tí í ṣe kọnkéré gbàlasa, tí a kò rẹ́, tí a kò sì kùn lọ́dà.

Ogun ni ó bí i. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, àìmọye ìdílé ní Yúróòpù ni kò ní ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Ní Marseille, ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ ogun Jámánì ti wó àdúgbò àtijọ́ palẹ̀ ní ọdún 1943, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde. Ìjọba Faransé gbé iṣẹ́ ilé ńlá kan fún Le Corbusier, ayàwòrán-ilé tí a bí ní Switzerland, a sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1947.

Irin ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe egungun ilé náà, ṣùgbọ́n irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, ni ó bá yí sí kọnkéré. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ti ń ṣe é: a ó kan pákó pọ̀ bí àpótí, a ó da kọnkéré sínú rẹ̀, nígbà tí ó bá sì gbẹ, a ó tú pákó náà kúrò. Nígbà tí wọ́n tú ti Marseille, ojú ògiri kò jọ̀lọ̀ rárá. Ìlà igi, kókó igi, àti ibi tí pákó méjì kò ti bára mu, gbogbo rẹ̀ ni ó hàn gbangba. Bíríkìlà mìíràn ì bá sáré rẹ́ ẹ. Le Corbusier ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ipa ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa hàn lára rẹ̀.

Ilé alájà 18 náà parí ní ọdún 1952. Ibùgbé 337 ni ó wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà wà ní agbedeméjì, ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lórí òrùlé pátápátá. Àwọn ará ìlú fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ilé aṣiwèrè ni. Ní ọdún 2016, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìṣúra gbogbo ayé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Alison àti Peter Smithson ti sọ orúkọ náà di ńlá, nǹkan kò dán tó bẹ́ẹ̀. Òjò ibẹ̀ a máa sọ ògiri kọnkéré di dúdú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó Robin Hood Gardens, ilé tí tọkọtaya yìí yà fún àwọn mẹ̀kúnnù London, ní ọdún 2017. Ní ojú tèmi, a dá ilé lẹ́bi púpọ̀ fún ohun tí àìtọ́jú ṣe.

Àṣà ilé kọnkéré náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Yunifásítì Ifẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí, gba ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní ọdún 1962. Arieh Sharon, ọmọ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ni ó ya àwòrán ọgbà rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú àwọn ilé kan níbẹ̀, ó mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí òkìtì tí a dorí rẹ̀ kodò, kí òòrùn àti òjò má baà ráyè wọlé, kí atẹ́gùn sì lè máa fẹ́ kọjá.