Kí A Tó Gbé Agbo Inú Mì: Ọ̀rọ̀ lórí Àìrígbẹ́yà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ ọmọ Yorùbá sọ ní Ekurede-Urhobo, Warri

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí àwo oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò kàn. Bí inú bá kún, tí kò lọ, ọkọ́ kì í yá ènìyàn í gbé. Nínú gbogbo àìsàn, èyí sì ni a máa ń sáré fún lágbo láìtíì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí a jọ bi: kí ló fà á?

Kì í ṣe ẹni tí kò yàgbẹ́ lónìí la ń sọ pé ó ní àìrígbẹ́yà. Ara kò rí bákan náà. Ẹlòmíràn ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ara àwọn méjèèjì sì le. Bí kò bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ bá le kóró-kóró bíi ti ewúrẹ́, tí a ń fi gbogbo agbára tì í jáde, tí ó sì tún ń ṣe wá bíi pé ó kù nínú, àìrígbẹ́yà nìyẹn.

Oúnjẹ ni ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Dókítà kan wà, Denis Burkitt, ọmọ Ireland, tí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, ní Uganda. Ní 1972, òun àti àwọn méjì mìíràn tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbé hóró kéékèèké mì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ X-ray wo ìgbẹ́ wọn láti mọ ọjọ́ tí hóró náà jáde. Lára àwọn ará abúlé Uganda, nǹkan bí wákàtí 36 ni, ìgbẹ́ òòjọ́ wọn sì tó nǹkan bí gíráàmù 470. Lára àwọn ọmọ iléèwé onílé-gbígbé ní Ìlú Ọba, ó lé ní wákàtí 70, ìgbẹ́ wọn kò sì ju nǹkan bí gíráàmù 110 lọ. Ará abúlé ń jẹ oúnjẹ tòun tèèrí rẹ̀; búrẹ́dì funfun ni àwọn yòókù ń jẹ.

Ẹ wá wo tiwa. A ó sẹ́ ògì, a ó mu ògì, a ó da èèrí fún ewúrẹ́. A ó mu omi ọsàn, a ó sọ ìyókù nù. Níhìn-ín ní Warri, a ti kọ́ bí a ti ń fi ọbẹ̀ banga jẹ starch. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, n kò bú u, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a ti sẹ́ gbogbo ṣákáṣàká inú rẹ̀ kúrò ni starch. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ lálẹ́, tí ó fi tíì àti búrẹ́dì ṣe oúnjẹ àárọ̀, kí ni ìfun rí tì? Ewúrẹ́ wa ló ń jẹ ìpín wa. Ẹ̀wà, ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, àgbàdo, ìbẹ́pẹ, àti ọsàn tí a jẹ tawẹ́tawẹ́, àwọn ni kí a dá padà sínú àwo. Kí a fi kún un díẹ̀díẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú a máa wú. Kí omi sì tẹ̀lé e, nítorí ẹni tí ó bá làágùn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, omi ìgò kan kò lè tó o.

Ìfun ńlá ló ń fa omi inú ìgbẹ́ mu. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni ó ń le. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń mú un mọ́ra di alẹ́ nítorí pé kò sí ibi ìkọ̀kọ̀ lóko, àti ẹ̀yin tí ayálégbé mẹ́wàá ń dúró de ṣáláńgá kan. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni inú máa ń fẹ́ lọ jù. Ẹ tètè jí, ẹ jẹun, ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó ń lo ṣáláńgá oníjókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kí ó lè dà bí ẹni tí ó lóṣòó.

Oògùn náà ń fà á. Tramadol àti codeine tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí ara ríro má baà dá wọn dúró, ìfun ni wọ́n ń mú sùn. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aláboyún náà ń mú ìgbẹ́ le; kí aláboyún má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, àìsàn gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun àti egbò ojú ìdí wà nínú ohun tí ń fà á pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè ọ̀pọ̀ nǹkan, tí ó ń tẹ ikùn, tí ó sì lè fi ìka nínú ìbọ̀wọ́ yẹ ìdí wò. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Àgbàlagbà kan lè máa ṣu omi sára, kí ilé máa fún un ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbẹ́ líle ló dí ọ̀nà, tí omi ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí oúnjẹ àti omi kò bá ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oògùn wà. Lactulose ń fa omi sínú ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Milk of Magnesia náà dára, àfi fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá. Bisacodyl ń ta ìfun jí. Àsùnwọ̀n wa náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ oògùn ní yunifásítì Ifẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. N kò ní kí ẹ ju àsùnwọ̀n nù. Ìwọ̀n ló sọnù nínú ìgò agbo. Ẹni tí ó bá ń ṣu gbuuru lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí agbo, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá a lọ, ìfun rẹ̀ sì lè tún rọ jù ti tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ikú tàbí ìyè ni mo ń bọ̀ yìí. Bí inú bá ń lọ́ ènìyàn, tí ó ń rọlẹ̀, tí ó tún ń padà, tí ikùn wú, tí ó ń bì, tí kò yàgbẹ́, tí kò sì só rárá, èyí kì í ṣe àìrígbẹ́yà lásán. Ìfun ti dí tàbí ó ti há. Ẹ wo ìtan àti abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ó ń gbé ẹrù wúwo mọ ìwú tí ń jáde níbẹ̀, tí ń padà wọlé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá padà wọlé mọ́, tí ó le, tí ó ń dùn, ìfun ti há síbẹ̀. Ẹ má fún un lágbo, ẹ má fi rọ́bà fún un lágbo nídìí. Ẹni tí ó da agbo sí inú tí ọ̀nà rẹ̀ ti dí, ìfun náà lè bẹ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù, lọ́jọ́ náà gan-an. Central Hospital wà ní Warri. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Bàbá kan ń mi orí sí mi lọ́ọ̀ọ́kán, mo mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló fẹ́ wí, pé ṣúgà ló fa ẹ̀jẹ̀ ìdí. Bàbá, ìgbẹ́ líle àti títì pẹ̀lú agbára a máa mú ìdí yọ, a sì máa mú un ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lára ẹni tí ó ti lé ní ọdún 45, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàdédé yí padà, tàbí tí ó ń rù, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun. Kí ó lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó ra agbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ di gbogbo pákẹ́ẹ̀tì oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan ìgò agbo, kí dókítà rí i. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò lè bi mí ní gbangba, mo wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn títí di agogo mẹ́fà.