Katapílà Àwọn Ọmọ Wa

Katapílà ìṣeré tí àwọn ọmọ wa ń fi rédíò darí ti dákẹ́. Ẹ̀bi wa ni. Àwa tí ẹ rán lọ sí ọjà ni a ra ẹ́ńjìnnì tí ń sáré, a kò wo agbára.

Ẹsẹ̀ méjì ni katapílà náà ní, ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń yí wọn. Nígbà tí ó rì sínú iyanrìn, ẹ́ńjìnnì kò lè yí mọ́. Èyí tí kò bá sì lè yí a máa fa iná púpọ̀púpọ̀ ju èyí tí ń sáré lọ. Pátákó tí ń pín iná fún un kò gbà á, ó jó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á ra ẹ́ńjìnnì méjì tí ó dọ́gba, kí katapílà má baà máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí gíà wọn jẹ́ onírin. Bí gíà tí ń dín eré kù ní ìlọ́po 50 bá di 100, eré yóò di ìdajì, ṣùgbọ́n agbára yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kí pátákó tuntun sì lè gbé ju iná tí ẹ́ńjìnnì ń fà nígbà tí ó bá há.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má tìtorí àṣìṣe wa já àwọn ọmọ kulẹ̀. Àwa tí a ṣì í rà ni yóò kọ́kọ́ dáwó.