Iyán Tí A Gbé Síwájú Òrìṣà

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Òrìṣà Ògìyán tó ni ìlú. Mo júbà àwọn àgbà tó ti ṣe é kí a tó ṣe é. Kí ìbà mi ṣẹ.

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí oúnjẹ tí kò ní pa ni lára àti lórí àyíká wa, kí n sì sọ ibi tí ó ti kan àwa tí a ń bọ òrìṣà. Àwọn kan ti bi mí pé kí ni olórìṣà ń wá nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ìlú mìíràn, ìbéèrè yẹn lè gba àlàyé gígùn. Ní Ẹ̀jìgbò níbí, orúkọ òrìṣà wa ti dáhùn rẹ̀. Òrìṣà tó ń jẹ iyán ni. Ìlú tó fi oúnjẹ pe orúkọ òrìṣà rẹ̀, tí ọba rẹ̀ sì ń jẹ́ Ògìyán, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kan ẹ̀sìn òun.

Gbogbo ayé ló mọ ọdún wa mọ pàṣán. Àwọn àlejò máa ń wá ya àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó ń na ara wọn. N kò tíì rí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wa rí pé oko ta ni iṣu ọdún ti wá, irú kẹ́míkà wo ni wọ́n sì fọ́n sí oko náà. Àwa fúnra wa kì í sábà béèrè.

Òrìṣà funfun ni Ògìyán. Èèwọ̀ òrìṣà funfun kò ṣàjèjì sí yín, n kò ní kà wọ́n. Gbogbo wọn dá lórí ìmọ́tótó: aṣọ tó mọ́, omi tó tòrò, oúnjẹ tí kò ní àbàwọ́n. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa la ọ̀nà yìí kalẹ̀, ojú àti imú tó láti fi mọ oúnjẹ tó dára. Iṣu tó bá rà, a ó rí i. Omi tó bá bàjẹ́, yóò rùn. Ní ayé tí a wà yìí, iṣu lè funfun bí ẹfun, kí ó sì ní ohun tó lè pa ọmọ nínú. Ojú àti imú nìkan kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwádìí ti di ara ìtọ́jú ojúbọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Kẹ́míkà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dichlorvos. Àwa mọ̀ ọ́n sí Sniper tàbí ọ̀tapíápíá. Ọ̀nà tó ń gbà pa kòkòrò ni pé iṣan ara tó yẹ kó sinmi kò ní lè sinmi mọ́. Kòkòrò náà yóò máa gbọ̀n títí yóò fi kú. Iṣan ara ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́ ní ọjà gbogbogbòò àti ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Síbẹ̀ àwọn kan ń da á sórí ẹ̀wà àti gbọ̀dọ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n.

Ní oṣù Òkúdu 2015, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n gbà láyè kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èyí tó burú jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin wọn gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú nígbà náà pé òyìnbó ń fi ìyà jẹ wá. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, ta ló jẹ ẹ́? Ẹ̀wà yìí la fi ń din àkàrà, òun la fi ń ṣe ọ̀lẹ̀ àti èkuru tí a ń gbé lọ sí ojúbọ, òun náà la sì ń fún àwọn ọmọ wa jẹ.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ti ibí yìí jáde lọ bú àwọn ìyá tó ń tajà. Obìnrin tó fi gbogbo owó rẹ̀ ra àpò ẹ̀wà mẹ́ta ń wo bí kòkòrò ṣe ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ẹni tí a kò fún ní ọ̀nà mìíràn, tí a wá ń sọ fún pé kí ó má fọ́n Sniper, gbèsè la ní kí ó jẹ. Ọ̀nà mìíràn sì wà. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò tí a hun sì bò wọ́n lóde. A ó da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, a ó fún afẹ́fẹ́ jáde, a ó sì di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin. Àwọn kòkòrò tó wà nínú yóò mí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tán, wọn ò ní lè jẹun, wọn ò ní lè bímọ. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń po eérú mọ́ ẹ̀wà sínú ìkòkò, tí wọ́n sì ń fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, ti sún mọ́ ìmọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí gbọ̀dọ̀ àti èlùbọ́. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ó yẹ kí a mọ ohun tó wọ inú oògùn náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó wá sá a. Bí oòrùn bá mú, ní ọjọ́ díẹ̀ yóò kán pẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Bí òjò bá dé láàárín, tàbí tí a bá ń kánjú kó o sínú àpò nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú. A ó ní ó ti bu. Àwa yóò gbọ̀n ọ́n, a ó tún un sá, a ó sì lọ̀ ọ́.

Nínú àwọn ohun tó ń hù yìí, tí wọ́n jẹ́ ẹbí olú kéékèèké, ọ̀kan wà tó ń ṣe májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ní 1960 ni ayé kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe. Ní 2004, ní ìlà oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn ènìyàn 317 ṣàìsàn nítorí àgbàdo tó ti bu, 125 nínú wọn sì kú. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n sì máa ń bá a lára àwọn ọmọdé tí kò dàgbà bó ti yẹ. Ohun tó burú jù ni pé iná ìdáná kò pa á tán. Bí a bá gbọ̀n ohun tó hù náà kúrò, májèlé tó ti wọ inú gbọ̀dọ̀ kò bá a lọ. Àwọn onímọ̀ tó yẹ gbọ̀dọ̀ wò ní ilẹ̀ Yorùbá ti bá a nínú rẹ̀.

Ní ibi yìí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn kan nínú wa. Wọ́n ní ayé àtijọ́ mọ́, òyìnbó ló kó ìdọ̀tí dé. Sniper, bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni. Aflatoxin kì í ṣe àlejò. Ó ti wà nínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté wa. Àwọn àṣà kan tí a jogún ń lé e sẹ́yìn: síso àgbàdo mọ́ àjà lókè iná ìdáná kí èéfín àti ooru lè gbẹ ẹ́, ṣíṣa àwọn hóró tó ti bàjẹ́ kúrò kí a tó rẹ àgbàdo fún ẹ̀kọ, fífi eérú ra ojú ibi tí a ti gé iṣu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbígbọn ohun tó hù lára gbọ̀dọ̀ kúrò kí a sì máa jẹ ẹ́ lọ náà jẹ́ àṣà tí a jogún, kò sì dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò àti èèpo igi tí a kó jọ sínú àpò tó tutù títí tí a ó fi gún un fún aláìsàn.

Fún àgbàdo àti ẹ̀pà, ìdáhùn kan ti jáde láti inú ilẹ̀ wa gan-an. Àwọn kan nínú ẹbí olú yìí kì í ṣe májèlé rárá. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà ṣa irú àwọn bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n fi wọ́n bo ọkà bàbà tí a ti yan. Kílò 10 ni a ó fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí àgbàdo tó tanná. Àwọn tí kò ní májèlé yóò gba ilẹ̀ mọ́ àwọn tó ní lọ́wọ́. Aflasafe ni orúkọ rẹ̀, NAFDAC sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 2014. Ẹ̀kọ funfun tí a ń gbé síwájú òrìṣà, inú àgbàdo ló ti wá. Oko tí a ti ń mú un kò yẹ kó ṣàìmọ ohun yìí. Kò sí irú rẹ̀ fún gbọ̀dọ̀. Gbígbẹ dáadáa lórí pèpéle tó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni oògùn tirẹ̀. Sísá a sí etí títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń tú èéfín lé e lórí, kò bójú mu, ìbáà ṣe ní Ẹ̀jìgbò tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ọ̀rọ̀ oko ni kí n yára mẹ́nu bà. NAFDAC kéde pé kí paraquat, tí a fi ń pa koríko, dẹ́kun láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024, àti atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025. Ẹ wo ara ìgò kí ẹ tó rà. Ẹni tó bá sì fọ́n oògùn tán, kí ó má fọ ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú odò. Odò tí a fọ̀ ọ́ sí, àwọn kan ń pọn ọ́n nísàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odò Ọ̀ṣun yẹ kó ti kọ́ wa. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni igbó òrìṣà tí a dáàbò bò jù lọ ní ilẹ̀ wa. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún un, àjọ UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. A kì í gé igi níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀. Síbẹ̀ ní oṣù Ògún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ènìyàn má mu omi odò náà. Omi náà ti pọ́n. Wíwa góòlù lókè odò, ní agbègbè Iléṣà, ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Èèwọ̀ wa dáàbò bo igbó, ṣùgbọ́n omi ń ti òkè wá. Ohun tí ìwakùsà góòlù lè ṣe kò fara sin: ní Zamfara ní 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé. Òjé náà tí olórìṣà funfun ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ikùn ọmọdé.

Kí ni mo wá ń béèrè? Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Ẹ̀jìgbò ni wọ́n fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń yẹ èlùbọ́ àti omi wò wà ní tòsí wa, a kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn náà ń kọ ìwádìí wọn sínú ìwé tí ìyá oníṣu kò lè kà. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí wọn, kí àwọn àgbà olórìṣà mẹ́ta gbé e lọ fúnra wọn, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá mú ẹ̀wà, gbọ̀dọ̀ àti àgbàdo láti ọjà wa, àti omi láti àwọn kànga tó wà nítòsí ojúbọ, lọ yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀, èdè Yorùbá ni kí a fi kà á sétí ọjà, láìdárúkọ ẹni tó ni ọjà náà.

Owó tí a ń dá fún aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, kí a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ra àpò PICS, kí a yá àwọn ìyá ọlọ́jà tó bá ṣèlérí pé àwọn kò ní fọ́n Sniper. Àwọn ọmọ wa ní Abidjan, tí wọ́n kì í gbàgbé ilé, lè bá wa kún un. Ní ti iṣu ọdún, kí a yan agbẹ̀ díẹ̀ láàárín ìlú àti àwọn abúlé àyíká, kí a mọ ohun tí wọ́n fi sí oko láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ ebè, kí iṣu tí a ó gún fún Ògìyán ti oko wọn wá. Mo ti bá méjì sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà, wọ́n sì ń retí ẹni tí ẹgbẹ́ yóò rán wá wo oko kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.