Igbá Ọjọ́ Ogbó: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Wa

Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí owó. Owó tí à ń ná lónìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tí a máa ná nígbà tí ẹsẹ̀ ò bá gbé wa wá sọ́jà mọ́ ni a fẹ́ sọ.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ òde òní náà ń san owó ilé, ó ń san owó ilé-ìwé. Ká má di gbogbo ẹrù ọjọ́ ogbó lé e lórí. Ṣebí a rí àwọn ìyá tó yẹ kí wọ́n ti sinmi tí wọ́n ṣì ń jí wá sọ́jà ní ìdájí? Kì í ṣe pé wọn ò rówó rí. Wọ́n dá àjọ, wọ́n kó èésú, ṣùgbọ́n inú igbá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọ wọ yunifásítì, wọ́n ṣí igbá. Ọjà bàjẹ́, wọ́n ṣí igbá. Nígbà tí ara wá ń béèrè ìsinmi, igbá ti gbẹ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: owó kọ̀ọ̀kan ní igbá tirẹ̀, igbá ọjọ́ ogbó kò sì gbọdọ̀ ṣí nítorí ọjà.

Igbá kìíní ni owó tí a lè nílò láàárín ọdún kan. Ọ̀dọ̀ alájọ, báǹkì àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yìí ni kó wà, torí ọwọ́ tètè ń tó o. Igbá kejì ni owó ọdún méjì sí mẹ́ta. FGN Savings Bond tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2017 bá a mu: ₦5,000 ló kéré jù, ọdún 2 tàbí 3 ló ń lò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Igbá kẹta ni ti ọjọ́ ogbó.

Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì la mọ̀ mọ́ pẹ́ńṣàn. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 fàyè gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ní 2019, àjọ PenCom gbé ètò micro pension jáde fún irú wa. Ní 2025 wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní Personal Pension Plan. Iye tí agbára bá ká lẹ máa fi sí i. Nínú ìlànà 2019, ìdá 40 nínú 100 ṣeé mú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìdá 60 tó kù ń dúró de ọdún 50 sókè. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó ń yọ ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, ₦13,000 ni lóṣù. Ọdún kan, ₦156,000. Ọdún 10, ₦1,560,000, a ò tíì ka èrè. Tí ẹ bá kó o sínú kóló, iye rẹ̀ ò ní yí padà, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì tó máa rà nígbà náà kò ní tó èyí tó lè rà lónìí. Ìdí nìyẹn tí owó ọjọ́ ogbó fi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó orí ńkọ́? Èrè tí owó pẹ́ńṣàn bá jẹ nínú àpò yẹn, òfin ò gba owó orí lórí rẹ̀. Owó tí a fi sí i náà, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí wa. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti yọ owó orí kúrò lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fúnni lọ́dún. Ẹni tí tirẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, àǹfààní kìíní ni tirẹ̀. Ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjèèjì ni. Ẹ tọ́jú ìwé yín dáadáa. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ò sí níbẹ̀ o, ẹ má lọ fi pẹ́ńṣàn bá àwọn kánsù jà!

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gba owó oṣù, láti 2018 ni wọ́n ti pín àpò pẹ́ńṣàn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti ẹni tí kò tíì pé 50 lè ra ṣíà ilé-iṣẹ́ jù ti àgbà lọ, torí bí ọjà ṣíà bá wó lulẹ̀, ọ̀dọ́ ní àkókò láti dúró dè é. Àwa tí a ti lé ní 50, èyí tí kì í fò sókè sódò ló yẹ wá.

Ẹ̀rù olè ń ba àwọn kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó pẹ́ńṣàn ṣòwò kọ́ ló ń tọ́jú owó náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló so àpò mọ́dìí, PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ rí i pé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lọ́dọ̀ PenCom, ẹ wo èrè ọdún púpọ̀, kì í ṣe ti ọdún kan, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń yọ, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa jogún yín. Ẹni tó bá ní òun á sọ owó yín di méjì lóṣù kan, ẹ sá fún un. MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú 100 lóṣù. Ní December 2016 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn. Ní April 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú NIN yín wá. A óò jọ kún fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò mọ̀wé, a óò kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Ọlọ́run á jẹ́ ká dàgbà, ká má tọrọ jẹ.