Ọmọ Wa, Pàṣán, àti Ìjókòó Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bíbá ọmọ wí láìlo pàṣán. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní wọ́n nà wá, a ò sì kú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 10 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 6 ló ti fara gba ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Èkó gbà wọlé ní 2007, sì kọ ìyà tó ń tẹ́ ọmọ lógo.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní time-out kò le. Arthur Staats, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, ó sì lò ó fún ọmọbìnrin tirẹ̀. Ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún un ní gbólóhùn kan, ẹ mú un kúrò nídìí eré, kó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan fún ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń kà: ọmọ ọdún 5, ìṣẹ́jú 5. Dánfó Boundary ò tíì kún nígbà yẹn! Bó bá parí, ó parí, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Ìkúnlẹ̀ kọ́ o. Kí ọmọ kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè fún wákàtí kan, ká tì í mọ́nú òkùnkùn, ká febi pa á, ìyà ni gbogbo ìyẹn. Àwọn ìyá wa gan-an ò dúró de òyìnbó: ojú ni wọ́n fi ń bá wa wí níwájú àlejò.

Níbo wá ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ yóò jókòó sí? Àwọn ará G.R.A. Àpápá ní pálọ̀. Nínú face-me-I-face-you, ẹni mẹ́fà ló wà nínú yàrá kan. Ẹ ní kó lọ sí pásẹ́èjì, àwọn ọmọ alájọgbé á yí i ká, eré ti dé nìyẹn. Ẹ má sì tì í síta, trélà àti táńkà tó ń lọ sí èbúté kò mọ ọmọ. Àga kékeré kan tó kọjú sí ògiri ti tó. Kí ẹ sì bẹ màmá yàrá kejì pé kí wọ́n má wá bá a bẹ̀bẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Boundary ti jáde kílẹ̀ tó mọ́. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní wharf, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò jẹ́ kó tètè dé. Bó bá wọlé, ẹjọ́ ni wọ́n á rò fún un, pàṣán ni yóò sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Eré wo ni ọmọ yẹn ń bá bàbá rẹ̀ ṣe tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Time-out ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ ṣeré, kódà kó jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan. Ẹ yìn ín lọ́jọ́ tó bá fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹ pariwo. Ìgbà yẹn ni ìjókòó lásán á tó dùn ún.

Ọ̀gá wa tí a máa ń gbọ́ ìró pàṣán wọn láti kíláàsì kẹta ti nawọ́ lọ́wọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn.