Ohun Tí A Gbọ́ Nídìí Omi
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Soje, Minna)

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí àwa ọmọ Yorùbá ṣe ń bá àwọn tí a jọ ń gbé ìlú yìí sọ̀rọ̀. A dúpẹ́. A kò ní lọ jìnnà, nítorí ìdí omi ni ọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo yín ni ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọmọkùnrin Haúsá kan tí ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn baba wa tí ó gbé garawa dúró, ó sì wí pé, "Baba, ìwọ wá pọn omi tìrẹ." Oore ni ọmọ náà ń ṣe, ó fẹ́ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n "ìwọ" nìkan ni baba gbọ́. Ó bú ọmọ náà, ó sì fi kún un pé àwọn mọ̀lá kò lẹ́kọ̀ọ́. Kí a tó mọ̀, èrò ti pé, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lórí omi, ó ti di ti "àwọn Yorùbá" àti ti "àwọn Haúsá". Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Lédè tiwa, nítorí àgbà ni a ṣe ń ya "ẹ̀yin" kúrò lára "ìwọ". Lédè Haúsá, akọ àti abo ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀: "ka" fún ọkùnrin, "ki" fún obìnrin, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà. Inú ìkíni, inú ìtẹríba, àti inú orúkọ bíi Malam àti Alhaji ni a ti ń rí ọ̀wọ̀ tiwọn. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ "ka" sí Yorùbá, "ìwọ" ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu. Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti pe ìyá oníyàá ní "ka" nínú ọjà Minna, tí àwọn ọlọ́jà fi rẹ́rìn-ín títí? Kò sí ẹni tí ó bú ìyá wa.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ dá baba lẹ́bi kíákíá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì kan, pé kí ó lọ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀. Soje ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Nígbà tí ó dé ìlú baba rẹ̀, wọ́n bi í pé, "Ta ni ọ́?" Abala 318 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ àgbà kan jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Niger fúnra rẹ̀, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Baba àgbà ọmọ yìí ti ń tajà ní Minna ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí a pè ní àlejò lówùúrọ̀, bí a bá kí i lọ́sàn-án, èébú ni yóò kà á sí. Ohun tí ó dun baba kò sí lẹ́nu ọmọ náà rárá.

Ta tilẹ̀ ni àwa? Ní nǹkan bí 1911 tí ojú irin Èkó àti ti Baro pàdé ní Minna, àwọn ará wa tí ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ṣáà pe ara wọn ní Yorùbá ní ilé. Ará Ọ̀fà ni wọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ará àríwá ló ti ń fi orúkọ yìí pe àwọn Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ọ́ sínú ìwé ní nǹkan bí 1615. Lẹ́yìn náà ni Àjàyí Crowther àti àwọn oníwàásù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bo gbogbo wa. Orúkọ tí a ń fi yangàn, ọwọ́ aládùúgbò ni a ti gbà á! Ní Freetown, "Aku" ni wọ́n pe àwọn ará wa tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, nítorí "ẹ kú" tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ìkíni ni a fi sọ wọ́n lórúkọ. Bí a bá ní kí àwọn ará Soje sọ wá lórúkọ lónìí láti inú ohun tí a ń wí jù nídìí omi, kí ni wọn yóò pè wá?

Àwọn onílẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n ń rí. Gwàrí ni a ń pè wọ́n bí àwọn Haúsá ti ń pè wọ́n, Gbagyi sì ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn obìnrin wọn a máa gbé ẹrù lé èjìká, àwa a sì máa rẹ́rìn-ín. Bí a bá béèrè, wọn a ní ọba ara ni orí, pé a kì í di ẹrù lé ọba. Ṣé àwa tí a ń bọ Orí láti ìran dé ìran ló yẹ kí èyí pa lẹ́rìn-ín?

A rán ènìyàn méjì lọ sọ́dọ̀ baba ọmọ náà. Ó gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ jáde. A bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó dárúkọ àwọn ọmọ tiwa, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. "Ìwọ" ni wọ́n ń pè é, òun náà kò sì gbọ́ "ẹ̀yin" rí, nítorí àwa àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó ní, "Kí ni ó yẹ kí n wí?" A kọ́ ọ: "Ẹ wá pọn omi yín, baba."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wí bẹ́ẹ̀. Baba gbé garawa síwájú, ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Yauwa, sannu."